Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin onílé-ìwé aládàáni ní Òṣogbo, lórí hosting "aláìlópin"

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Òṣogbo, láti Òkè-Fìà dé Òkè-Baálẹ̀, láti Alékùwodò dé Ìgbóná, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ kú àfaradà àwọn òbí tí wọn kò tíì san owó táàmù tó kọjá.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe ìkànnì fún àwọn ilé-ìwé àti oníṣòwò ìlú yìí, kí n sì máa bójú tó o. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ti sún mọ́lé, àsìkò náà sì ni àwọn tó ń ta hosting, ìyẹn àyè tí ìkànnì ń gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń wọ ọ́fíìsì yín kiri. Wọ́n á ní àyè aláìlópin ni, ímeèlì aláìlópin, iye ènìyàn tó lè wo ìkànnì náà kò lópin, gbogbo rẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́ lọ́dún. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń gbèrò láti fọwọ́ síwèé. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má gbé èsì ìdánwò àwọn ọmọ lé orí hosting tí ẹni tó ń tà á kò lè fi nọ́ńbà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín.

Kọ̀ǹpútà gidi ni ìkànnì yín ń gbé lórí rẹ̀. Sáfà là ń pè é, ó lè wà ní Jámánì, ó lè wà ní Amẹ́ríkà, ó sì lè wà ní Èkó. Dísìkì rẹ̀ ní ìwọ̀n, mẹ́mọ́rì rẹ̀ ní ìwọ̀n, iṣẹ́ tí ọpọlọ rẹ̀ lè ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà ní ìwọ̀n. Olùtajà á kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì sórí sáfà kan ṣoṣo, torí ó mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní lò ju bíńtín lọ. Ó dà bí ilé oníyàrá ogún tó ní tánkì omi kan. Onílé lè sọ fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan pé kó pọn omi bó ṣe wù ú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì máa ṣẹ, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ilé bá fẹ́ fọṣọ lẹ́ẹ̀kan náà.

N kò sọ pé olè ni àwọn tó ń tà á. Pípín sáfà kan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ kí ilé-ìwé kékeré lè ní ìkànnì rárá, mo sì ti fi irú hosting bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó dára fún àwọn oníṣòwò aṣọ àdìrẹ tó fẹ́ kí àlejò rí ọjà wọn kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òpin wà, olùtajà mọ̀ ọ́n, ó ti kọ ọ́ sínú àdéhùn ní lẹ́tà wínníwínní, àmọ́ kò ní í fẹnu sọ ọ́ fún ẹni tó ń sanwó. Àyè inú dísìkì ló ń pariwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àyè inú dísìkì kọ́ ni ilé-ìwé kọ́kọ́ máa ń lò tán.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ hosting ló ń lo ètò kan tó ń jẹ́ CloudLinux, tó jáde ní 2010. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ààlà yí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹnì kan má baà jẹ ẹ̀tọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ètò tó dára ni, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùtajà kò bá yí i padà, ààlà tó bá a wá ni agbára ọpọlọ kọ̀ǹpútà ẹyọ kan, mẹ́mọ́rì 1 GB, àti ìbéèrè 20 tó lè wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà; ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá tẹ ojú ìwé ìkànnì yín là ń pè ní ìbéèrè. Ẹni tó bá gbé ìbéèrè kọkànlélógún dé, ohun tó máa rí lójú fóònù rẹ̀ ni 508, Resource Limit Is Reached, ìyẹn ni pé ìkànnì ti lo agbára rẹ̀ dé òpin. Ààlà yìí wà lórí "aláìlópin" bó ṣe wà lórí èyí tó ní òpin.

Ẹ wá fi ojú inú wo ọjọ́ tí èsì táàmù kẹta jáde. Ká ní ọmọ 600 ló wà ní ilé-ìwé yín. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo òbí ní agogo méjìlá ọ̀sán pé èsì ti wà lórí portal, ìyẹn apá ìkànnì tí òbí ti ń wo èsì ọmọ. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn ìyá tó wà ní Ọjà Ọba ti ń tẹ fóònù, bàbá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n tó ń sanwó ilé-ìwé láti òkè òkun náà ń tẹ̀ ẹ́. Bí portal bá lè dáhùn ìbéèrè kan láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, àyè 20 yẹn á dá 40 ènìyàn lóhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wàhálà ò ní sí. Àmọ́ portal èsì kì í ṣe ojú ìwé tó kàn ń fi fọ́tò ilé-ìwé hàn. Tí òbí kan bá ti fi nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ní láti wá máàkì ọmọ náà nínú gbogbo iṣẹ́, kó ṣírò rẹ̀, kó fi wé ti gbogbo kíláàsì kó tó mọ ipò, kó wá ya PDF tó ní àmì ilé-ìwé àti ìfọwọ́sí ọ̀gá. Ìyẹn lè gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún nígbà tí kò sí èrò. Nígbà tí èrò bá dé, gbogbo wọn ń pín ọpọlọ ẹyọ kan, márùn-ún á di ogún, ogún á di ọgbọ̀n. Òbí tí kò rí nǹkan kan á tún un tẹ̀. Kò mọ̀ pé èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ ṣì wà lórí ìlà, pé ìbéèrè tuntun ló tún gbé lé e. Báyìí ni ènìyàn 100 ṣe ń di ìbéèrè 500.

Mo ti wà nídìí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé kan nílùú yìí tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn òbí sọ pé ilé-ìwé mọ̀ọ́mọ̀ ti portal pa kí àwọn tó jẹ gbèsè lè wá sí ọ́fíìsì. Ìyá tó ni ilé-ìwé náà jókòó, wọ́n ń bú u lórí WhatsApp níbi tí òun náà ti ń kà á, kò sì mọ ohun tó ṣẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ta hosting fún un fèsì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí pé ìkànnì rẹ̀ ti "lo kọjá ìwọ̀n", kó san owó ìpele tó ga jù. Dísìkì aláìlópin tó sanwó fún nìyẹn o, kò tíì lo ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ̀rọ fóònù rẹ̀ lè gbà. Inú mi ò dùn sí i títí dòní, torí olóòótọ́ ènìyàn ni, owó tirẹ̀ ló fi ra ìtìjú yẹn.

Àtúnṣe kan wà tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí kí n má baà gbàgbé. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe portal yín pé kó ṣírò gbogbo èsì sílẹ̀ lóru, kó ya PDF ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó di ọjọ́ náà, tó fi jẹ́ pé fáìlì tó ti jinná ni òbí máa gbà. Kó rí i pé ọ̀rọ̀ aṣínà ló ń ṣí i, kì í ṣe líǹkì tí ọmọ aládùúgbò lè méfò. Ẹ sì má fi èsì gbogbo kíláàsì síta lẹ́ẹ̀kan. JSS1 ní aago mẹ́jọ àárọ̀, JSS2 ní aago mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ilé-ìwé tó ṣe èyí lórí hosting tí kò lágbára, tí ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn.

Fáìlì náà ní òpin tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn "aláìlópin", ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ inode. Fáìlì kọ̀ọ̀kan, fódà kọ̀ọ̀kan, ímeèlì kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò pa rẹ́, inode kan ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi òpin sí 250,000. Ẹ lè sọ pé ta ló máa kó fáìlì tó tó bẹ́ẹ̀ jọ. Ìkànnì tí wọ́n fi WordPress, ìyẹn ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ ìkànnì, ṣe máa ń ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan sí i. Fọ́tò kan tí ẹ fi fóònù yà, tí ẹ gbé síbẹ̀, WordPress lè sọ ọ́ di mẹ́jọ, torí ó máa ń gé e sí oríṣiríṣi ìwọ̀n. Fọ́tò 500 láti ibi ìdíje eré ìdárayá ilé-ìwé, fáìlì 4,000 nìyẹn. Ẹ fi PDF èsì ti táàmù mẹ́ta lọ́dún kún un, àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù gbogbo ọmọ, àti àpótí ímeèlì olùkọ́ tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí ìpolówó ṣì ń wọlé sí lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí ó bá kún, ìkànnì ò ní gba nǹkan tuntun mọ́, ímeèlì ò ní wọlé, dísìkì á sì ṣì máa sọ pé aláìlópin lòun.

Ọ̀rọ̀ backup ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí inode yín bá ti kọjá iye kan, wọn ò ní ṣe ẹ̀dà àfipamọ́ fún yín mọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ ṣe ń lo ohun aláìlópin náà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ààbò yín ń dín kù, láìjẹ́ pé ẹnì kan pè yín láti sọ fún yín. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà 2021, iná jó ilé sáfà ilé-iṣẹ́ OVH ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan lára ilé náà jó pátápátá. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni OVH, kì í ṣe aláàárù orí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ àwọn oníbàárà kan pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní torí pé wọn ò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Èsì ọmọ tó parí ní 2019 tí ó nílò rẹ̀ lónìí láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbo ló wà? Bó bá jẹ́ orí sáfà yẹn nìkan ni, kò tíì sí níbì kankan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé àìtóbi àwọn ilé-iṣẹ́ wa ló fà á. Àwọn tó lówó jù láyé gbìyànjú ohun aláìlópin, apá wọn ò ká a. Microsoft kéde àyè aláìlópin lórí OneDrive ní 2014, nígbà tó di 2015 ó gbà á padà, ó ní àwọn oníbàárà kan ti kó nǹkan tó ju 75 TB síbẹ̀. Amazon bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2015, ó sì fòpin sí i ní 2017. Google Photos dáwọ́ fọ́tò ọ̀fẹ́ aláìlópin dúró ní ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdu 2021. Dropbox tẹ̀ lé wọn ní 2023. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá rí i gbé, kí ni ẹni tó ya sáfà kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹlòmíràn fẹ́ fi gbé e?

Bẹ́ẹ̀ sì ni yíyá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá yín ń yá a. Dọ́là tàbí yúrò ni wọ́n fi ń sanwó sáfà, náírà ni ẹ̀yin fi ń sanwó fún wọn. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdu 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi di oṣù Èrèlé 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Kí ìyẹn tó dé, ní 2019, cPanel, ìyẹn ètò tí ọ̀pọ̀ yín ń wọlé sí láti ṣe ímeèlì, ti yí bó ṣe ń gbowó padà: iye àkáǹtì tó wà lórí sáfà ló wá ń kà. Ẹni tó ti gba owó ọdún mẹ́ta tàbí owó "títí láé" lọ́wọ́ ènìyàn kó tó di ìgbà yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ló kù fún un. Ó lè kó ìkànnì púpọ̀ sí i sórí sáfà náà, ó lè dín owó ẹni tó ń gbé fóònù oníbàárà kù, ó sì lè ti ilẹ̀kùn. Kò di dandan kó jẹ́ oníjìbìtì kí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣẹlẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ tí inú wa ń dùn sí ló tì í débẹ̀.

Tó bá sì ti ilẹ̀kùn, domain ńkọ́? Mo ti bá ilé-ìwé pàdé tí orúkọ ìkànnì tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì, sára géètì àti sára ìwé gbogbo ọmọ kì í ṣe tiwọn. Orúkọ ẹni tó ta hosting fún wọn ló wà lórí rẹ̀, domain ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ń rà á. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kúrò, ọkùnrin náà ò gbé fóònù mọ́. Ẹ ra domain lọ́tọ̀, ẹ ra hosting lọ́tọ̀. Ìparí orúkọ .sch.ng wà fún irú ilé-ìwé tiyín, àjọ NiRA ló ń bójú tó gbogbo .ng, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ wọn bóyá orúkọ ilé-ìwé yín ló wà lórí rẹ̀ lóòótọ́.

Òfin ò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àlàyé ní èdè tó yé ènìyàn, ó sì lòdì sí ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀ gbé AT&T lọ sílé ẹjọ́ ní 2014 pé ó ń ta data fóònù aláìlópin, ó sì ń dín eré rẹ̀ kù fún ẹni tó bá lò ó dé ìwọ̀n kan. Ní 2019, AT&T gbà láti san 60 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì di dandan fún un láti máa sọ ààlà náà síta gbangba. Mo fẹ́ kí FCCPC ka lẹ́tà yìí, kí wọ́n sì béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta hosting nílé wa. Ṣùgbọ́n òfin kejì ń bá ẹ̀yin fúnra yín wí. Lábẹ́ òfin ààbò data ti 2023, ẹ̀yin tí ẹ gba orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti fọ́tò àwọn ọmọ ni òfin mọ̀. Bí data náà bá jò lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti sọ fún NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò data, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ̀. Ẹ ò lè sọ pé olóhosting ló jẹ̀bi, kí ẹ wá lọ sùn.

Nítorí náà, tí olùtajà bá tún wọlé, ẹ fún un ní àga, ẹ fún un lómi, kí ẹ sì ní kó kọ nọ́ńbà sílẹ̀: mélòó ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, mélòó ni mẹ́mọ́rì, ìbéèrè mélòó ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, inode mélòó, èló ni owó ọdún kejì, ìlú wo ni backup wà, ta ló sì ń dá a padà bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn kí omi tó tán nínú ife. Bí ó bá ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, pé aláìlópin ni gbogbo rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó máa lọ. Mo gbà pé ó sàn kí ẹ ra ìpele kékeré tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kódà bí owó rẹ̀ bá fi ìlọ́po méjì ju èyí tó wà nínú ìwé ìpolówó lọ. Ìdí ni pé ìpele tó ní nọ́ńbà ṣeé gbé sókè kí ọjọ́ èsì tó pé, ó sì ṣeé dín kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ síwèé tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró de ọdún tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kí ẹni tó ń tọ́jú ìkànnì yín gba gbogbo backup sílẹ̀, fáìlì àti database tí orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, kó fi sínú hard disk kan tí ẹ máa tì pa ní ọ́fíìsì yín, kó sì fi òmíràn síbòmíràn. Kó gbìyànjú láti ṣí i lójú yín, torí backup tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò rí lè jẹ́ àpò òfìfo. Ẹ gba ọ̀rọ̀ aṣínà cPanel àti ti domain sọ́wọ́ ara yín, kì í ṣe sọ́wọ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà tó lè rí iṣẹ́ míì lọ́la.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ kí a jọ ka àdéhùn hosting rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ṣe tán, n kò sì ní gba owó. Ìwé ìpolówó kọ́ ni kí ẹ mú wá o, àdéhùn gan-an ni, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà wínníwínní abẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ẹni tó ń tọ́jú ìkànnì ilé-ìwé,
Òṣogbo.